Èsì: Òdo tó ń sọnù nínú nọ́ńbà fóònù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín ní Iléṣà wà nínú Excel, pé bí ẹ bá fi Python (èdè ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà) kó o sínú MySQL (ibi ìtọ́jú dátà), òdo iwájú nọ́ńbà fóònù kì í bá a dé ibẹ̀.

Excel ló gé òdo yẹn. Ó ka nọ́ńbà fóònù sí iye, iye kì í sì í fi òdo bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni kí ẹ ṣe é, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi openpyxl, tó ń ka fáìlì Excel, kún pandas, irinṣẹ́ Python fún dátà (òun ni pd nísàlẹ̀ yìí; engine ni ìsopọ̀ yín mọ́ MySQL; zfill(11) ló ń fi òdo síwájú títí nọ́ńbà á fi pé mọ́kànlá):

df = pd.read_excel("egbe.xlsx", dtype=str)
df["foonu"] = df["foonu"].str.zfill(11)
df.to_sql("omo_egbe", engine, if_exists="append", index=False)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "replace" rọ́pò "append", tó ń fi orúkọ tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Ńṣe ni "replace" máa pa tábìlì àtijọ́ rẹ́, tòun ti primary key rẹ̀ (àmì tó ń ya ìlà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀), á wá ṣẹ̀dá òmíràn tí kò ní in.

Bí ọjọ́ bá jáde bí 45292, ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024 ni. Excel ń ka ọjọ́ ní oókan-oókan ni. pd.to_datetime pẹ̀lú unit="D" àti origin="1899-12-30" á tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi astype(int) sọ ọ́ di iye.

Tábìlì tó bá wà lórí latin1, ètò lẹ́tà tí kò ní Ọ àti Ṣ, kò lè gba orúkọ bíi Ọ̀ṣúnlékè: yálà kó kọ̀ ọ́, tàbí kó sọ Ọ di "?". Ẹ yí i sí utf8mb4, ètò lẹ́tà tó gba gbogbo wọn, kí ẹ tó kó ohunkóhun wọlé, kí ẹ sì fi nrows=10 (ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́) sínú read_excel dán an wò ná.