Ta ló yẹ kó máa gbé ẹ̀yà tuntun sọ́fítíwia jáde?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá ẹni tó dá iṣẹ́ sọ́fítíwia kan sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa gbé gbogbo ẹ̀yà tuntun jáde: rárá o. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí gbogbo yín mọ ẹni tí ẹ̀yà yìí wà lọ́wọ́ ẹ̀, kónítọ̀hún sì lẹ́nu láti sọ pé, "Èyí ò bá wa lọ."

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń le. Ẹ kéde pé ọ̀la ló ń jáde báyìí, ẹnì kan á sáré gbé àtúnṣe dé, ìlà kóòdù méjì péré, á ní kò lè ba nǹkan kan jẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìlà méjì yẹn ni mo máa ń sá fún jù. Ẹni tó ń kọ kóòdù jù kì í sì í sábà lè kọ̀ ọ́, torí tiẹ̀ náà wà nílẹ̀ tó fẹ́ kó wọlé. Ẹ wo kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà: ọ̀sẹ̀ méjì ni Linus Torvalds, ẹni tó dá a sílẹ̀, fi ń gba ohun tuntun wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, àtúnṣe àṣìṣe nìkan ló kù, rc (ẹ̀yà ìdánwò) kan lọ́sẹ̀ kan, títí dé rc7 tàbí rc8. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ó di ẹ̀yà tó ń bọ̀. Ní ti Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, wọ́n ń yan release manager, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó ìgbéjáde, fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ fi ń gbé ẹ̀yà jáde wá ńkọ́? Nínú iṣẹ́ kan tí mo bá wọn ṣe, ọwọ́ olùdásílẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ aṣínà wà. A wá olùdásílẹ̀ náà títí, a ò rí i. Àtúnṣe ààbò ti wà nínú repo, ibi tá à ń kó kóòdù sí, lójú gbogbo ayé, tí àwọn olè pàápàá lè kà á, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo sọ́fítíwia náà. Ó kéré tán, ẹ fún èèyàn méjì láṣẹ.

Ẹ kọ ìgbésẹ̀ yín sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ẹ̀yà tó wà nínú kóòdù bá tag (àmì tẹ́ ẹ fi sí ẹ̀yà náà nínú repo) mu kẹ́ ẹ tó gbé e sórí PyPI, ibi tí wọ́n ń kó sọ́fítíwia Python sí, torí wọn ò ní gba fáìlì mìíràn lórúkọ kan náà mọ́, kódà tẹ́ ẹ bá pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa gba iṣẹ́ ìgbéjáde yìí lọ́wọ́ ara yín, kí ẹni tó kàn jókòó ti ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́ kó tó kàn án. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kubernetes, sọ́fítíwia tó ń darí àwọn ètò lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, nìyẹn.