Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ̀rín Inú Ọ̀rọ̀ Onítumọ̀ Méjì

Ìbéèrè: Olóòtú, mo bi ọ̀rẹ́ mi pé kí ni ó jẹ láàárọ̀, ó sì dáhùn pé, "Mo jẹ gbèsè." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò mi, kò rẹ́rìn-ín rárá. Kí ló fà á?
*Òǹkàwé kan, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. "Jẹ" kan ṣoṣo, tí ohùn rẹ̀ kò yí padà, ló ṣe iṣẹ́ méjì níbẹ̀: ìbéèrè yín darí ọkàn wa sí ẹ̀kọ àti àkàrà, kí "gbèsè" tó já wọlé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tí a sì ní láti padà sẹ́yìn fúnra wa láti tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Inú ìpadàsẹ́yìn òjijì yẹn ni ẹ̀rín wà, ẹ̀yin sì ti bá àbúrò yín ṣe é tán. (Ní Iléṣà, ìlú àwọn òṣómàálò tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn láyé ìgbà kan, ọ̀rọ̀ gbèsè tún ní adùn tirẹ̀.)

Àwàdà tí ó gbára lé àìsí àmì ohùn yàtọ̀. Bí obìnrin kan bá fi "Oko mi ti baje, mo fe ta a" ránṣẹ́ lórí fóònù, ṣé ọkọ rẹ̀ ni àbí ọkọ̀ rẹ̀? Bí ó bá sọ ọ́ lẹ́nu, àwàdà náà kú. Ti ìlù dùndún ni òdì kejì rẹ̀: ohùn nìkan ni ìlù ń gbé jáde, nítorí náà "ilé" àti "ọkọ́" kò yàtọ̀ létí olùgbọ́, àfi bí gbólóhùn tó gùn bá yà wọ́n sọ́tọ̀.