Ṣé Cavalier lè dá wà nílé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ méjì. Àwọn ọmọ ò jẹ́ ká gbádùn, àfi ká ra Cavalier King Charles Spaniel fún wọn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni gbogbo wa ń jáde, ó di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ṣé ajá yìí lè bá wa ṣọ́ ilé? Ẹnì kan tún ní King Charles yàtọ̀ sí Cavalier. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò lè ṣọ́ ilé, kò sì yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀ lóun nìkan fún wákàtí mẹ́wàá. Bí olè bá gba ojú fèrèsé wọlé, ìrù ni yóò máa jù fún un. Nítorí kó lè máa jókòó ti ènìyàn ni wọ́n ṣe ń sin ín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ààfin ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Ọba Charles Kejì, tó jọba ní England láti 1660 sí 1685, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba ayé ìgbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1667 pé ìgbìmọ̀ ń ṣèpàdé lọ́wọ́, ajá ni ọba ń bá ṣeré. Ayaba Victoria náà ní tirẹ̀, Dash, nígbà èwe rẹ̀.

Òótọ́ lẹni yẹn sọ fún yín. Láyé Victoria ni ajá onímú pẹlẹbẹ di àṣà, ni wọ́n bá ń yan èyí tí imú rẹ̀ kúrú tí orí rẹ̀ sì rí róbótó. Èyí ni King Charles òde òní. Ní 1926, ará Amẹ́ríkà kan, Roswell Eldridge, wá irú onímú gígùn tó wà nínú àwòrán àtijọ́ títí, kò rí i. Ó gbé £25 kalẹ̀ ní Crufts, ìdíje ajá ńlá kan ní England, fún ẹni tó bá mú un wá. Ní 1928 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Cavalier sílẹ̀, Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ irú ajá sílẹ̀ ní Britain, sì fọwọ́ sí i ní 1945. Cavalier ló tóbi jù nínú méjèèjì, láti kílò 5.4 sí 8.2.

Ajá díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Àrùn ọkàn ló ń pa wọ́n jù. Ilẹ̀kùn kékeré inú ọkàn kì í pa dé dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa padà sẹ́yìn. Bí mo bá gbé ẹ̀rọ sí wọn láyà, dípò kí n gbọ́ ìlù méjì tó dá ṣáká, ariwo fùú ni mo máa ń gbọ́ láàárín wọn. Bí wọ́n bá fi máa pé ọdún 5, nǹkan bí ìdajì wọn ló ti ní in. Òmíràn tún wà tí agbárí rẹ̀ kéré fún ọpọlọ rẹ̀: ẹ ó rí i tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni ń họ ọrùn, ẹsẹ̀ náà ò sì ní kan ara. Ìrora ni. Nítorí irú ìyà yìí ni ilé ẹjọ́ Oslo ṣe dá sísin Cavalier fún ọmọ bíbí dúró ní Norway ní 2022, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní 2023.

Ìwà rẹ̀ dára púpọ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ ọmọdé, kì í kanra, ẹsẹ̀ yín ni yóò máa tẹ̀ lé kiri títí dé ilé ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọdẹ kò tíì tán lára rẹ̀. Bó bá rí ẹyẹ, kò ní rí mọ́tò, nítorí náà ẹ má tú okùn rẹ̀ lẹ́bàá títì.

Bí ìyá àgbà tàbí ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ rà á. Bí kò bá sí, ẹ dúró ná, nítorí ajá yìí á sunkún, á sì máa jẹ ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ọkàn bàbá, ìyá àti àwọn òbí wọn, pẹ̀lú àwòrán MRI orí, ìyẹn àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà láti fi inú orí hàn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ìyá ọmọ náà lójúkojú. Bí ẹni tó ń tà á bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ gbé owó yín, kí ẹ máa lọ. Bó bá ti dé ilé, ẹ máa ka èémí rẹ̀ nígbà tó bá sùn fọnfọn. Bó bá ń ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ tètè gbé e wá.