Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ àgbàrá

Họ́nọ́rébù, ẹ kú oríire ìbò. Ẹ béèrè ohun tí kánsù tí kò lówó rẹpẹtẹ lè ṣe kí òjò ọdún yìí má tún lé àwọn ará wọ́ọ̀dù yín jáde nílé bíi ti èṣí. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní kánsù bíi mélòó kan ní Ìbàdàn. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni màá sọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀. Òfin ìpilẹ̀ 1999 ti gbé gọ́tà, títì àdúgbò àti ìdọ̀tí lé kánsù lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Àmọ́ oṣù Kẹfà tàbí oṣù Keje ni wọ́n sábà máa ń fọwọ́ sí owó gọ́tà, nígbà tí òjò ti ń rọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á wọ inú gọ́tà, wọ́n á kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá jáde, wọ́n á kó o jọ sétí gọ́tà níbẹ̀, alága á ya fọ́tò, gbogbo wa á túká. Owó tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ wà nínú ìwé, owó ọkọ̀ tó máa kó o lọ kò sí. Òjò tó bá tẹ̀ lé e á gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà. Mo rí i títí ó fi sú mi. Bí owó ò bá tó, ẹ gbẹ́ gọ́tà ìdajì àdúgbò péré, kí ẹ fi owó tó kù háyà tíípà lọ́jọ́ náà gan-an. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni kí ẹ ṣe é, tí ẹrẹ̀ ti gbẹ tó sì fúyẹ́, tí kàtàpílà lè sún mọ́ etí odò láìrì.

Ẹ má sì da ìjì pọ̀ mọ́ omíyalé. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ni ìjì tó ń ṣí páànù máa ń pọ̀ jù, yóò sì tún padà wá nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ti omi yàtọ̀. 31 oṣù Kẹjọ 1980 ni odò Ògùnpa ya wọ ìlú Ìbàdàn. 26 oṣù Kẹjọ 2011 ni omíyalé ńlá mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí à ń retí kí òjò dá díẹ̀ ni méjèèjì bọ́ sí, àwọn tó kú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lé ní 100. Kánsù tó bá kó ṣọ́bìrì pamọ́ nínú oṣù Kẹjọ ń fi ẹ̀mí èèyàn ta tẹ́tẹ́.

Lójú tèmi, Ògùnpa nìkan la fi ẹ̀kọ́ 1980 mọ. Odò yẹn ni gbogbo ẹnu ń dá lé. Nígbà tó di 2011, Odò Ọ̀nà ló gbé afárá Àpẹ̀tẹ̀ lọ, omi Ẹlẹ́yẹlé sì kún àkúnya. Lẹ́yìn ìyẹn ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2014 fún ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló wà. Kò sí afárá ńlá tó lè gba yín lọ́wọ́ odò kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé yín tí gbogbo àdúgbò ń da ilẹ̀ sí.

Ohun tó ń pa kánsù lára jù ni pé kì í rántí. Wọ́n á gbé òṣìṣẹ́ lọ sí kánsù mìíràn, alága fìdíhẹ á lọ, ẹni tí wọ́n dìbò yàn á dé, fáìlì á wà nínú dúrọ́ọ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá kan, a gbé ọ̀dà, a fa ìlà sára ògiri níbi tí omi ga dé kí àwọn onílé tó fọ̀ ọ́ nù, a sì kọ ọjọ́ sí i. Ọ̀dà búlúù la lò, torí pupa ni wọ́n fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó, mi ò sì fẹ́ kí ìyá kankan fi ọmọ odó lé mi. Ìwé tí mo kọ lórí rẹ̀ sọnù nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò. Ìlà yẹn ò kúrò. Òun làwọn lańlọ́ọ̀dù nawọ́ sí nígbà tí ẹnì kan fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sétí odò. Ohunkóhun tí ẹ bá kọ sílẹ̀, ẹ fún ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù àti baálẹ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀.

Ní ti ìjì, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bá. Òrùlé rẹ̀ gùn, fèrèsé ò nílẹ̀kùn, atẹ́gùn á wọlé, á sì ti páànù sókè láti ìsàlẹ̀. Ẹ lọ wo igi òrùlé: wọ́n kàn gbé e lé orí ògiri ni. Tí wọ́n bá ń tún un ṣe, páànù tuntun ni wọ́n máa ń kàn lé igi tí kò dúró yẹn. Ẹ ní kí káfíńtà fi irin so igi mọ́ ògiri kí ẹ tó sanwó. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó wà lórí wáyà iná kí oṣù Kẹta tó wọlé.

Ilé ìwé yìí kan náà la tún máa ń ní kí àwọn tí omi lé sá lọ. Lóru ọjọ́ kan, a kó tìyá tọmọ débẹ̀, a bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ilé ìwé tó mú kọ́kọ́rọ́ dání ń gbé ní òdìkejì ìlú, afárá tí ì bá gbà kọjá wá bá wa sì ti wà lábẹ́ omi. Abẹ́ ìbòrí ilé epo ni wọ́n dúró sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ bá ilé ìwé ṣàdéhùn lórí ìwé, kí ẹnì kan tó ń gbé nítòsí ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́.

NIHSA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi odò, máa ń kọ orúkọ àwọn kánsù tí omíyalé lè dé síta lọ́dọọdún. Ẹ wá tiyín níbẹ̀, kí ẹ mú un dání lọ sí ìpàdé ìnáwó, kí ẹ sì pe kánsẹ́lọ̀ tó wà lókè odò yín, torí gọ́tà tí òun kò bá kó, ẹ̀yin ni omi rẹ̀ ń bọ̀ wá bá. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí owó, ẹ padà wá sọ iye rẹ̀ níbí, màá bá yín ṣírò iye ẹrù tíípà tó lè kó.