Igi Àgbálùmọ̀ ní Àgbàlá Ẹbí

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní agboolé wa ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀, igi àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná nígbà tí a wà ní kékeré. Bí ó bá ti di oṣù Ṣẹ́rẹ́, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi yóò ti gbé fìtílà, tí a ó máa ṣa èyí tó já bọ́ lóru. Nígbà tí bàbá wa kékeré fẹ́ kọ́lé ni wọ́n gé e. Mo fẹ́ gbin òmíràn nítorí àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní gbòǹgbò rẹ̀ yóò ya ògiri. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yín gbé mi padà sí Iléṣà, níbi tí ìyá àgbà wa kì í ti í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igi já àgbálùmọ̀ lókè, nítorí pé èyí tí kò tíì tó já máa ń kan, oje rẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ni létè bí àtè. Èyí tó já fúnra rẹ̀ ni a ń jẹ. A ó rún èèpo rẹ̀ títí yóò fi máa fà bí ṣingọ́ọ̀mù, a ó sì to kóró rẹ̀ tó ń dán sí ojú fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n yín kò jayò pa. Igi ńlá ni àgbálùmọ̀, ó lè ga tó mítà 25. Bí kò bá sí nǹkan bíi mítà 10 láàárín òun àti ògiri, ẹ gbin ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí gúáfà dípò rẹ̀.

Bí àyè bá wà, ẹ má gbin kóró, nítorí igi tó ti inú kóró hù lè lo ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀gbìn fún èyí tí wọ́n ti lẹ ẹ̀ka igi tó ń so mọ́ lára. Ó máa ń tètè so. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí ẹ sì pa ọgbà yí i ká kíákíá, nítorí ewúrẹ́ agboolé kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tó jù lójú tèmi ni ti ilẹ̀. Lójú àwọn àgbà, igi tó ń so lọ́dọọdún a máa di ẹ̀rí ìní; ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í fi í dédé gbin kòkó tàbí obì sí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ. Ilẹ̀ ẹbí ni tiyín, ẹ kò sì ní fẹ́ kí àwọn ọmọ bàbá yín kékeré rò pé ẹ ń fi igi pààlà. Ẹ lọ bá olórí ẹbí kí ẹ tó gbẹ́ kòtò, kí gbogbo agboolé sì gbọ́ ẹni tí yóò máa ṣa èso rẹ̀ àti ẹni tí yóò máa gbá ewé rẹ̀.