Ẹ Bi Wá: Onímọ̀ Èdè Nínú Ìwádìí Àìsàn Ọmọdé

Lẹ́tà mẹ́rin la yàn lóṣù yìí nínú èyí tó dé bá wa látọ̀dọ̀ àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, tí wọ́n sì fẹ́ máa bá àwọn dókítà ọmọdé ṣe ìwádìí. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní ọdún kẹrin ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú. Yàtọ̀ sí kí n túmọ̀ ìwé, kí ló tún kàn mí níbẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ó kàn yín ju ìtumọ̀ lọ. Ọmọ ọdún kan kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, nítorí náà ẹnu ìyá rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí olùwádìí máa kọ sílẹ̀ ti ń jáde. Bí ìbéèrè bá wọ́, iye tí wọ́n kọ náà á wọ́, kò sì sí ìṣirò tó lè tún un ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan ṣoṣo wò. Ìwádìí ìlera ìdílé tí wọ́n ń pè ní NDHS, tí wọ́n ń ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń túmọ̀ sí Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, máa ń béèrè bóyá ọmọ ya ìgbẹ́ gbuuru láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ẹni tó bá kọ irú ìbéèrè yẹn ní "ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn" ti dá ìṣòro sílẹ̀. Ìyá kan á ronú lọ sí ọjọ́ kan pàtó tó jìnnà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí òní, òmíràn á ka gbogbo ọjọ́ tó wà láàárín. Ọmọ tó ṣàìsàn lánàá ti bọ́ sọnù lọ́wọ́ ìyá àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó sàn kí ẹ sọ pé "láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún títí di òní", kí olùbéèrè sì mú kàlẹ́ńdà dání.

Ìgbẹ́ gbuuru fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ ti ya ìgbẹ́ tó ṣàn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán láàárín wákàtí 24 ká tó pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá kì í ka ti ọmọ tó ń hu eyín sí àìsàn. "Eyín ló ń hù" ni wọ́n á wí, wọ́n á sì dá yín lóhùn pé rárá. Èyí tó ní ikun tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú, àwọn kan ń pè é ní ìgbẹ́ ọ̀rìn, wọn kò sì ní kà á mọ́ gbuuru. Ẹ béèrè iye ìgbà tí ọmọ yàgbẹ́ àti bí ìgbẹ́ náà ṣe rí kí ẹ tó dárúkọ àìsàn kankan.

Ọjọ́ kíkà tún wà níbẹ̀. Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọjọ́ tó ń kà. Ẹẹ́ta wà nínú "ìjẹta", bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni lọ́wọ́ ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kà á. Bí ìyá àgbà bá ní ara ọmọ ti ń gbóná láti ìjẹrin, akọ̀wé kan á kọ 4, èkejì á kọ 3, àwọn méjèèjì á sì gbà pé ohun tí àwọn gbọ́ gan-an nìyẹn. Àwọn dókítà máa ń fi iye ọjọ́ pín àìsàn sí ìsọ̀rí, torí náà ọjọ́ kan péré lè gbé ọmọ láti ìsọ̀rí kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin rí kí ẹlòmíràn tó rí i nìyí, torí pé ẹ kọ́ ọ.

Àǹfààní rẹ̀ kì í sì í ṣe ti àtúnṣe àṣìṣe nìkan. Ní 1935, dókítà Cicely Williams, tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, gbé orúkọ kwashiorkor jáde fún àìsàn kan tó ti ń rí lára àwọn ọmọdé. Ọ̀rọ̀ àwọn Gã ni: àìsàn tó ń ṣe ọmọ nígbà tí àbúrò bá dé lé e lórí. Ohun tó fà á wà nínú orúkọ náà, ìyẹn ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ tí wọn kò sì fi oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà rọ́pò rẹ̀. Àwọn ìyá ti sọ ọ́ tipẹ́. Ẹni tó tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìbéèrè: A túmọ̀ ìwé ìbéèrè wa lórí òtútù àyà sí Yorùbá. A gbé e fún ẹlòmíràn kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ti àkọ́kọ́ mu rẹ́gí. Síbẹ̀, nígbà tí a dé abúlé, ìdáhùn àwọn ìyá kò bára mu. Níbo la ti ṣìnà? (Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olùwádìí, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Rẹ́gí tó bá a mu yẹn gan-an ló tàn yín jẹ. Ẹni tó dá a padà ti kàwé. Bó ṣe rí "òtútù àyà", pneumonia ló kọ lójú ẹsẹ̀, torí ó mọ ohun tí ìwé ń wí. Ìyá tó wà lábúlé kò gbọ́ pneumonia. Òtútù ló gbọ́, ó sì gbọ́ àyà. Á ronú kan ọmọ tí òjò pa, tàbí èyí tó sùn sórí ilẹ̀ tútù. Èyí tí ara rẹ̀ gbóná janjan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ibà ló máa pe tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lẹ̀ ń wá.

Ẹ yọ orúkọ náà kúrò, kí ẹ fi ohun tí ojú ìyá rí rọ́pò rẹ̀. Nílé ìwòsàn, èémí ni wọ́n ń kà fún odindi ìṣẹ́jú kan nígbà tí ara ọmọ bá rọlẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, ó ti yá jù bó bá di 60. Láti oṣù 2 sí 11, 50. Láti ọmọ ọdún kan títí dé èyí tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 40. Ìyá kò lè ka èyí tó ti kọjá, ṣùgbọ́n ó rántí bó ṣe rí. Ẹ bi í pé, "Ṣé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré?" Ẹ tún bi í pé, "Bó bá ń mí sínú, ṣé ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọnú?" Ẹ fi ọwọ́ júwe ibẹ̀ lára ara yín. Irú ọ̀rọ̀ tó ń yàwòrán bíi hẹlẹhẹlẹ, èdè wa kún fún un, a kì í sì í sábà rí i nínú ìwé ìbéèrè torí pé àwọn tó ń túmọ̀ rò pé kò bójú mu lórí ìwé. Àdánù ńlá ni.

Nípa bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó tò: ẹni méjì ni kó túmọ̀, kálukú lọ́tọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹnì kẹta á jókòó ti ìtumọ̀ méjèèjì, á mú ọ̀kan jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ẹ̀yin dúró sí nìyẹn, ó sì ku ìpele tó le jù: kí ẹ kà á fún àwọn ìyá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà ISPOR ti 2005 lórí títúmọ̀ ìwé ìbéèrè ìlera, tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń tẹ̀lé, dábàá ẹni 5 sí 8. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó yé yín?" o. Gbogbo wọn ló máa ní ó yé àwọn, ọmọlúàbí ni wọ́n, wọn kò fẹ́ dójú tì yín. Ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ẹnu ara yín tún ohun tí mo bi yín sọ fún mi." Ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ òjò àti ilẹ̀ tútù. Ẹ tún un kọ, kí ẹ sì kà á fún àwọn ìyá mìíràn, kì í ṣe àwọn ti àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ Èkìtì tàbí Ìkálẹ̀ lẹ̀ ń lọ, ìyá ará Ìbàdàn kò lè dúró fún wọn. Fún ìwé tó ní nǹkan bí 60 ìbéèrè, ẹ má gbà kí wọ́n fún yín ní ohun tó dín sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ yẹ ìwé ìyọ̀ǹda yín wò pẹ̀lú. "Ìwádìí" ni ọlọ́pàá náà ń ṣe, torí náà ẹ là á sílẹ̀ pé ẹ fẹ́ kọ́ ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ nípa àìsàn náà, àti pé èyí yàtọ̀ sí ìtọ́jú tí ọmọ wá gbà. Mílílítà márùn-ún ẹ̀jẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Ṣíbí ìmutíì kan yé wọn. Bí ẹ ó bá pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú, ẹ ní kọ̀ǹpútà ló máa ṣẹ́ kèké, pé dókítà kò ní yan ẹni tó wù ú. Nígbà àjàkálẹ̀ meningitis ní Kánò ní 1996, ilé-iṣẹ́ oògùn kan ṣe ìwádìí lórí nǹkan bí 200 ọmọ. Àwọn òbí kan sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kò mọ̀ pé ìwádìí ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba àṣẹ lẹ́nu wọn. Ẹjọ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìbéèrè: Mo ní fáìlì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 40 tí ẹni mẹ́ta tẹ̀. Bí mo bá wá "ẹ̀jẹ̀", kọ̀ǹpútà máa ń fo àwọn kan tí mo ń fi ojú mi rí. Kí ló dé? (Akẹ́kọ̀ọ́ ìwé-ẹ̀rí kejì, Àkúngbá)

Ìdáhùn: Ojú yín rí ọ̀kan náà, kọ̀ǹpútà rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró fún "ẹ̀" nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà. Ẹnì kan lè fi ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, U+1EB9, kó fi àmì ohùn U+0300 lé e. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti orí e lásán, á fi U+0323 sí ìsàlẹ̀, á tún fi U+0300 sókè. Ẹ sọ gbogbo fáìlì di NFC, ìyẹn ètò Unicode tó ń sọ ọ̀nà ìkọ méjèèjì yìí di ọ̀kan náà, kí ẹ tó wá ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá lo ìlà kékeré, U+0329, dípò àmì tóótó, NFC kò ní tún ìyẹn ṣe. Ẹ fúnra yín lẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ní ti ọjọ́ iwájú, àtẹ bọ́tìnnì kan náà ni kí gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lò.

Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, ní 44,100 Hz, 16-bit, mono. Wákàtí kan á gbà tó 320 MB. Ẹ má gbà á lórí WhatsApp, torí ó ń fún ohùn pọ̀. ELAN, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ohùn sílẹ̀, kò gba owó, ó sì dára fún iṣẹ́ yìí. Fún wákàtí kan ohùn tí ẹ máa fi àmì ohùn tẹ̀, ẹ ya wákàtí mẹ́jọ sọ́tọ̀. Orúkọ ọmọ kò gbọdọ̀ sí lára orúkọ fáìlì.

Ìbéèrè: Mo ní ìwé-ẹ̀rí kejì, mo sì fẹ́ ṣe PhD lórí bí àwọn ìyá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa gìrì. Àwọn ará ẹ̀ka èdè ní ìṣègùn ni, àwọn oníṣègùn ní èdè ni. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà, ṣé màá sì rí ìgbéga níbi iṣẹ́? (Olùkọ́, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ fi ẹ̀ka èdè ṣe ilé, kí ẹ wá alábòójútó kejì láàárín àwọn dókítà ọmọdé. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé-ẹ̀kọ́ ìlera ọmọdé nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀. Ìbéèrè tí àkọlé yín bá gbé gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èdè: bí àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ wo ni àwọn ìyá fi ń pààlà láàárín gìrì àti wárápá, ìgbà wo ni wọ́n sì ń pa ààlà náà rẹ́? Dókítà á rí ohun tó wúlò níbẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹ̀ka yín kò sì ní rí ẹ̀sùn kankan. Kò pọn dandan kí ẹ tún lọ gba ìwé-ẹ̀rí kejì mìíràn nínú ìlera. Lójú tiwa, kọ́ọ̀sì kúkúrú lórí ìṣirò àti bí àìsàn ṣe ń tàn kálẹ̀ ti tó.

Ẹ má bá ìyá kankan sọ̀rọ̀ kí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí ìlera tó fún yín ní nọ́ńbà àṣẹ. Àṣẹ wọn kì í ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí ẹ bá ti gbà ṣáájú rẹ̀ ti ṣòfò.

Ní ti owó, TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ẹ̀kọ́ gíga, wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. CARTA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Áfíríkà fún ẹ̀kọ́ ìwádìí, tí ilé ìwádìí APHRC ní Nairobi àti Yunifásítì Witwatersrand ní South Africa jọ ń darí, máa ń ran òṣìṣẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣe PhD. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn nìkan.

Orí ìgbéga ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù. Nínú ìṣègùn, ìwé kan lè ní orúkọ 15, ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn ni wọ́n sì ń wò. Ní ẹ̀ka èdè, ìwé tí ẹ dá kọ ni wọ́n mọ iyì rẹ̀. Ẹni kẹjọ nínú 15 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní máàkì. Nítorí náà, ìwé méjì ni kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí: ọ̀kan tí ẹ bá àwọn dókítà kọ, ọ̀kan lórí èdè tí orúkọ yín nìkan wà lórí rẹ̀. Ìlànà ICMJE, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn ń lò, ní kí ẹni tó máa jẹ́ òǹkọ̀wé ti kópa gidi nínú bí iṣẹ́ ṣe rí tàbí nínú ohun tí wọ́n kó jọ, kó kọ tàbí tún un kọ, kó fọwọ́ sí èyí tó jáde, kó sì lè jíhìn fún un. Ẹni tó kàn túmọ̀ kò kún ojú ìwọ̀n yẹn. Wọ́n kàn máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí ìwé ni. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, kí wọ́n tó tẹ ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú ẹ̀dà tiyín lọ sílé.