Mo ti mu Taylor's àti Graham's: ilé ọtí Port wo ló kàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Leeds ni mò ń gbé. Láti Kérésì tó kọjá ni ọtí Port, ọtí àjàrà dídùn ti ilẹ̀ Pọ́túgàl, ti wọ̀ mí lára. Mo ti mu LBV (Late Bottled Vintage, Port ìkórè ọdún kan tó lo ọdún díẹ̀ nínú àgbá kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò) ti Taylor's, mo sì ti mu Tawny (Port tó pẹ́ nínú àgbá) ọlọ́dún 10 ti Graham's. Ti Graham's yìí ni èmi àti ìyàwó mi fẹ́ràn jù. Ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ní kí n gbìyànjú Fonseca tàbí Croft. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi owó pamọ́, kí n fi ra Vintage 2017 kan ṣoṣo, ìyẹn Port olówó gọbọi ti ìkórè ọdún yẹn nìkan. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Ilé ọtí wo ni ẹ rò pé ó yẹ kí n yà sí?

Ìdáhùn: Ẹ kú fàájì o. Èyí tí ẹ kò ní í ṣe ni n ó kọ́kọ́ sọ: ẹ má tíì ra Vintage 2017, ẹ má sì tíì lọ sọ́dọ̀ Fonseca tàbí Croft. Ọtí wọn kò burú. Fonseca gan-an dáa púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ti kí tẹ́lẹ̀ ni ẹ ó tún padà sí. Ilé-iṣẹ́ Fladgate ló ni Taylor's, òun náà ló ni Fonseca, Croft àti Krohn. Graham's tí ẹ fẹ́ràn wà lọ́wọ́ ìdílé Symington, àwọn yìí kan náà ló sì ni Dow's, Warre's, Cockburn's, Smith Woodhouse àti Quinta do Vesuvio. Sandeman, Ferreira àti Offley, Sogrape ló ni wọ́n. Kopke, Burmester, Barros àti Cálem náà, abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n wà. Èèyàn lè dúró síwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù kó máa ka orúkọ méjìlá, kó jẹ́ pé olówó mẹ́rin péré ló ni gbogbo wọn.

Àmọ́ o, pé ẹnì kan ló ni ilé méjì kò ní kí adùn wọn dọ́gba. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àfonífojì odò Douro, ní àríwá ilẹ̀ Pọ́túgàl, ni gbogbo àjàrà Port ti ń wá. Láti 1756 ni ìjọba ibẹ̀ ti pààlà sí agbègbè náà. Wọ́n á tẹ àjàrà, omi rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹni tó bá mọ ẹmu ti mọ ìyókù: ti òwúrọ̀ dùn, àmọ́ tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, adùn yẹn ti di agbára. Àwọn ará Douro kì í jẹ́ kó dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí adùn ṣì kù dáadáa nínú rẹ̀, wọ́n á da ọtí líle tí wọ́n fi àjàrà sè sí i, èyí tí agbára rẹ̀ tó 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Híhó á dúró wáí, ọtí náà á sì jókòó sí nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà tí ilé kọ̀ọ̀kan bá da ọtí líle yìí sí i ló ń pinnu bí tirẹ̀ ṣe máa dùn tó. Dow's máa ń jẹ́ kó hó pẹ́ díẹ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí kì í fi dùn tó Graham's, bẹ́ẹ̀ ìdílé kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Tí adùn Graham's bá ti fẹ́ pọ̀ jù fún ẹnì kan nínú yín, Dow's ni kí ẹ yà sí.

Ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn apá tó le jù nínú ìbéèrè yín, torí ẹ sọ pé Tawny lẹ fẹ́ràn ju LBV lọ. Ìyẹn ni pé ọtí inú àgbá ló bá yín lára mu. LBV, Ruby (Port pupa tí kò tíì dàgbà) àti Vintage kì í pẹ́ nínú àgbá, tàbí kí wọ́n wà nínú èyí tó tóbi gan-an, kí afẹ́fẹ́ má baà rí wọn, kí wọ́n lè máa pọ́n, kí wọ́n sì máa rùn bí èso tútù. Inú àgbá onígi kéékèèké ni Tawny máa ń wà fún ọdún gbọọrọ. Afẹ́fẹ́ á máa yọ́ bá a, pípọ́n rẹ̀ á máa ṣá, adùn rẹ̀ á wá dà bíi ti ẹ̀pà yíyan, èèpo ọsàn àti ṣúgà tí iná bà díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún Tawny tí kò ní iye ọdún lára o. Ọtí ọmọdé ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kàn ṣá ni, kò pẹ́ nínú àgbá kankan.

Nítorí náà, ilé tó ń fi ọ̀pọ̀ ọtí rẹ̀ sínú àgbá ni kí ẹ máa wá. Kopke ni n ó kọ́kọ́ rán yín lọ bá. 1638 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Colheita, irú Tawny kan, sì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àdàlù ọ̀pọ̀ ìkórè ni Tawny ọlọ́dún 10 tàbí 20. Àwọn atọ́wò ní IVDP, àjọ tó ń mójú tó Port, ló ń fọwọ́ sí i pé adùn rẹ̀ jọ ti ọtí tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ìkórè ọdún kan ṣoṣo ni Colheita ní tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ lò dín ní ọdún 7 nínú àgbá. Òmíràn ń lò tó 30 tàbí 40. (Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ńlá, ẹ wá Colheita ọdún tí wọ́n bí i. Owó rẹ̀ sábà máa ń rọjú ju Vintage ọdún kan náà lọ.) Ọdún méjì ló máa ń wà lára ìgò rẹ̀: ti ìkórè, àti ti ìgbà tí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò. Ti ẹ̀yìn yìí ni àwọn èèyàn kì í wò. Kò sí ohun tí ìgò ń fi kún Colheita, nítorí náà èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ni èmi máa ń mú. Kopke tún ní Port funfun tó ti pẹ́ nínú àgbá. Tí ẹ bá rí i, ẹ má wò ó bíi ti funfun olówó pọ́ọ́kú tí àwọn èèyàn ń fi omi ọsàn lú.

Lẹ́yìn Kopke, Ramos Pinto. 1880 ni Adriano Ramos Pinto bẹ̀rẹ̀, ọjà Brazil ló sì sọ ilé náà di ńlá. Lónìí, àwọn Roederer tó ń ṣe ṣanpéènì ló ni ín. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé Tawny ọlọ́dún 10 wọn, ọgbà Ervamoira nìkan ló ti wá, ti ọlọ́dún 20 sì wá láti Bom Retiro. Ẹ ó rí orúkọ ọgbà lára ìgò, èyí tí kò wọ́pọ̀ fún Tawny. Ẹ ra ọlọ́dún 10 wọn, kí ẹ sì mu ún pọ̀ mọ́ ti Graham's lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹ ó mọ̀yàtọ̀ àwọn ilé méjèèjì ju bí ìwé kankan ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Tí wọ́n bá ní ilé kan ṣoṣo ni kí n mú, Niepoort ni. Ìdílé kan tó ti ilẹ̀ Hóláńdì wá ló dá a sílẹ̀ ní 1842, ọwọ́ wọn ló sì wà títí di òní. Wọn kì í ṣe ilé ńlá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ti àgbá, wọ́n mọ ti ìgò.

Ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti fẹ́ kí ẹ padà sórí LBV. Ti Taylor's tí ẹ mu, wọ́n ti sẹ́ ẹ, ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò. Bí ìdérí rẹ̀ bá ní orí ike tí ọwọ́ lásán ń ṣí, àmì rẹ̀ nìyẹn. LBV tí wọn kò sẹ́, tí ìdérí rẹ̀ ń béèrè irin ìṣígò, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: ó nípọn, ó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń dàgbà nínú ìgò. Niepoort, Quinta do Noval, Warre's àti Smith Woodhouse ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ ọ̀nà tó rọjú tó èyí láti fi mọ ọwọ́ ilé kan, nítorí èèyàn lè ra LBV mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú owó Vintage kan.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn àgbẹ̀. Títí di 1986, kìkì àwọn oníṣòwò tó ní ilé ìpamọ́ sí Vila Nova de Gaia, ní ẹnu odò níbẹ̀, ló láǹfààní láti kó Port lọ sókè òkun. Ẹni tó ni ọgbà ní òkè odò kàn ń ta èso tàbí ọtí tirẹ̀ fún wọn ni. Ìgbà tí òfin yẹn yí padà ni orúkọ ọgbà, ìyẹn Quinta, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Quinta do Crasto, Quinta de la Rosa àti Quinta do Infantado ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ti Infantado kì í dùn púpọ̀. Bí oúnjẹ bá wà nílẹ̀, ó máa ń bá a lọ.

Ní ti Vintage 2017: ọ̀pọ̀ ilé kéde 2016 (ìyẹn ni pé wọ́n ní ìkórè ọdún náà dáa tó láti fi ṣe Vintage), wọ́n tún kéde 2017 tẹ̀ lé e, ìkórè méjèèjì sì dáa. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni wọ́n ṣì jẹ́. Vintage máa ń fẹ́ ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìgò, níbi tó tutù, tó ṣókùnkùn, kì í sì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù tó sún mọ́ hítà. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́ irú rẹ̀ wò, ẹ wá Vintage ọgbà kan ṣoṣo: Quinta dos Malvedos ti Graham's, Quinta da Cavadinha ti Warre's. Ọdún tí wọn kò bá kéde Vintage gbogbogbòò ni wọ́n sábà ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilé ọtí fúnra rẹ̀ sì máa ń pa á mọ́ tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó tà á. Ẹlòmíràn ti bá yín ṣe sùúrù náà.

Ra ìgò méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, láti ọ̀dọ̀ olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ààbọ̀ ìgò tún wà, bí owó bá ká yín lọ́wọ́ kò. Tawny tí ẹ bá ṣí lè lò tó oṣù kan nínú fíríìjì, kò sí ìdí láti kánjú mu ún. Tútù díẹ̀ náà ló sì dùn jù. Tí LBV tí wọn kò sẹ́ ni, ẹ gbé e dúró láti àná, ẹ rọra dà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún.